Owó Ìwádìí Láti Òde: Ta Ló Ń Gbé E Wá, Ta Ló sì Ń Pinnu Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe?

Owó tí yunifásítì fi ń san owó oṣù olùkọ́, tó fi ń kọ́ ilé, tó sì fi ń tan iná, ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ló ti sábà máa ń wá, yálà ìjọba àpapọ̀ ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ni, tàbí ìjọ àti aládàáni. Owó ìwádìí kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tó jọjú nínú rẹ̀ ń wá láti òde, ìyẹn láti ọwọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe onílé ẹ̀kọ́, tó gbé owó kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, fún iye ọdún kan pàtó, pẹ̀lú àdéhùn tó sọ ohun tí wọ́n lè fi owó náà ṣe, ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe, àti irú ìròyìn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ padà. Ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ni olùgbọ̀wọ́. Ìwé tí olùwádìí kọ láti fi tọrọ rẹ̀ ni àbá ìwádìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀ràn yìí dàgbà ju yunifásítì èyíkéyìí lọ. Ní 1925, ọdún 23 kí wọ́n tó dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀, ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Yábàá ní Èkó láti wá ìdí ibà pọ́njú. Ní 1927 wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn náà yà sọ́tọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, tó ń jẹ́ Asibi. Ọdún yẹn gan-an ni Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó wá ṣiṣẹ́ náà, kú sí Èkó nípasẹ̀ àrùn tó wá wádìí. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n mú lára Asibi ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní New York, iṣẹ́ tí Max Theiler fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951, abẹ́rẹ́ yẹn kan náà ló sì ń gba ẹ̀mí là ní Áfíríkà títí di òní. Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí báyìí ti wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí: owó wá láti òkè òkun, ẹ̀jẹ̀ wá láti ìhín, ilé ìwádìí òkèèrè ló gba ògo, àǹfààní rẹ̀ sì kan ẹni gbogbo.

Àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀ lórí bó ṣe yẹ kí yunifásítì máa wá owó yìí, kí wọ́n sì máa ná an, pọ̀, wọ́n sì ta ko ara wọn. Àgbéyẹ̀wò yìí tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò fi iye owó nìkan wọ̀n wọ́n. Ó tún ń béèrè ẹni tó ń yan ìbéèrè tí owó náà yóò dáhùn, àti ẹni tó ń ru ìnáwó tí kò sí nínú àdéhùn.

Èrò pé ojúṣe ìjọba ni

Àwọn tó di èrò yìí mú sọ pé ohun àjọni ni ìmọ̀ tí ìwádìí ń mú jáde: bí ẹnì kan bá ti ṣàwárí rẹ̀ tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ayé lè lò ó láìsan kọ́bọ̀, nítorí náà oníṣòwò tó ń wá èrè kì yóò fẹ́ ná owó ńlá lé e lórí, ìjọba nìkan ló sì kù tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìròyìn tí Vannevar Bush kọ fún ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1945 ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí, nítorí òun ló la ọ̀nà fún ìdásílẹ̀ National Science Foundation ní 1950. Ní Áfíríkà, Ètò Èkó tí àwọn olórí ìjọba fọwọ́ sí ní 1980 àti ìpinnu Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa ní 2007 gba ọ̀nà yìí, torí wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá 1 nínú 100 gbogbo ohun tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń pèsè lọ́dún sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ni ohùn tó le jù lọ lẹ́yìn èrò yìí ní Nàìjíríà. Láti inú àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 1992 ni òfin owó-orí ẹ̀kọ́ ti jáde ní 1993, èyí tó pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó bá jèrè máa san ìdá 2 nínú 100 èrè náà fún ẹ̀kọ́. Òfin mìíràn ní 2011 sọ àpò tí owó náà ń wọ̀ di Tertiary Education Trust Fund, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TETFund, ó sì fi í mọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Èyí jẹ́ àṣeyọrí tí kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà, ó sì yẹ kí wọ́n máa rántí pé ìjà àwọn olùkọ́ ló bí i.

Agbára èrò yìí ni pé owó tó ń wá déédéé ń jẹ́ kí olùkọ́ tẹ̀lé ìbéèrè tí kò sí olùgbọ̀wọ́ kankan tó bìkítà fún. Ìwádìí lórí ẹ̀ka èdè Yorùbá tó ń kú lọ, lórí ìtàn àwọn ìlú kéékèèké, tàbí lórí ewé tí kò sí ilé iṣẹ́ oògùn tó fẹ́ tà á, ṣọ̀wọ́n kó rí owó láti òkèèrè. Bí ìjọba ilé kò bá gbé e, kò sí ẹni tí yóò gbé e. Àìlera rẹ̀ náà kò fara sin. Owó inú ìwé ìṣúná yàtọ̀ sí owó tó dé ọwọ́, àìṣẹ́ àdéhùn sì ti sọ yunifásítì di ibi ìyanṣẹ́lódì lemọ́lemọ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀gbìn inú oko àdánwò àti ẹran inú yàrá ìwádìí kò mọ ìyanṣẹ́lódì. Lẹ́yìn èyí, ìjọba tó ń san owó lè fẹ́ máa yan ohun tí wọn yóò wádìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi ìlànà Haldane, tó ti inú ìròyìn kan ní 1918 wá, dí ọ̀nà yìí: ìjọba lè pinnu iye owó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ni kó yan iṣẹ́ tó tọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, kò sí irú ògiri bẹ́ẹ̀ nínú àṣà ìṣèjọba.

Èrò pé ìdíje ló ń yọ ojúlówó

Èrò kejì gbà pé kí owó wà, láti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí láti ibòmíràn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ pípín bí ẹran ọdún. Kí olùwádìí kọ àbá, kí àwọn ojúgbà rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa yẹ̀ ẹ́ wò láìmọ ẹni tó kọ ọ́, kí owó sì lọ sí èyí tó dára jù. Ọ̀nà yìí ni National Research Fund tí TETFund ń ṣàkóso ń tọ̀; náírà bílíọ̀nù 7.5 ni ìjọba fọwọ́ sí fún un ní 2020, wọ́n sì pín àwọn àbá sí ọ̀nà mẹ́ta: ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àwùjọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, àti àwọn ọ̀ràn tó kan méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, TETFund ní owó ìwádìí kékeré tó ń gba ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má baà máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà jìjàkadì.

Ìdíje ní àǹfààní méjì tó dájú. Ó ń fi ipá mú olùwádìí láti ronú iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ kó tó náwó, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ tó ní èrò tuntun ní yunifásítì tí kò lórúkọ lè borí ẹni tó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n àǹfààní kejì yìí wà nínú ìwé ju bó ṣe wà lójú ayé lọ. Robert Merton, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn ní 1968 pé ẹni tó bá ti gba iyì rí ni iyì tún ń wá bá, owó sì ń tẹ̀lé iyì. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn tó mọ ẹ̀ka ìmọ̀ kan kò pọ̀, fífi orúkọ pa mọ́ kò ní ìtumọ̀ púpọ̀, nítorí ẹni tó ń yẹ àbá wò yóò dá ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Àkókò tún ń ṣòfò, torí pé ọ̀pọ̀ àbá tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ kọ kì í rí nǹkan gbà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi dábàá pé kí wọ́n ya àwọn àbá tí kò kún ojú ìwọ̀n sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ṣẹ́ gègé lórí àwọn tó kù. Health Research Council ti New Zealand bẹ̀rẹ̀ èyí ní 2013 fún irú owó kan, British Academy sì tẹ̀lé e ní 2022. Ọ̀nà náà gba òótọ́ kan tó ṣòro láti gbà: pé láàárín àbá méjì tó dára, àwọn onídàájọ́ kì í sábà mọ èyí tó dára jù.

Ìṣòro tó le jù nínú ìdíje ti ilé ni pé náírà ni wọ́n fi ń san án. Kí ìjọba tó tú iye pàṣípààrọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá 1,400. Olùwádìí tó ti fi náírà kọ iye ẹ̀rọ àti kẹ́míkà tó fẹ́ rà láti òkèèrè sínú àbá rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn rí i pé owó rẹ̀ kò ra ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kọ sílẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n owó-orí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ gòkè sí ìdá 2.5 ní 2021 àti ìdá 3 ní 2023, ṣùgbọ́n òfin owó-orí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn sínú ìdá 4 kan ṣoṣo fún ìdàgbàsókè, tí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀, ìdá 2 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní 1993 náà nìyẹn.

Owó òkè òkun àti ohun tó ti ṣe

Ẹgbẹ́ kẹta kò dúró de ìjọba ilé. Lójú wọn, ìmọ̀ kò ní ààlà, olùwádìí tó bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ gbọ́dọ̀ lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ayé du owó, ìwọ̀n tó ga tí àwọn olùgbọ̀wọ́ òkèèrè ń béèrè fún sì ń gbé ilé ẹ̀kọ́ ga. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti 1992, pẹ̀lú owó ìjọba Amẹ́ríkà, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ fi ọdún púpọ̀ tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn àti àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis láti wá ìdí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn ju ní Indianapolis lọ, ìmọ̀ tí kò sí bí ìlú kan ṣoṣo ì bá ṣe rí i. Iṣẹ́ SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn darí ní Nàìjíríà àti Ghana, fi ènìyàn 2,118 tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ wé iye kan náà tí kò ní in. Àbájáde 2018 rẹ̀ fi hàn pé, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru, àìjẹ ẹ̀fọ́ dáadáa wà lára ohun tó bá àrùn náà rìn. Èyí wúlò fún ìyá tó ń se ọbẹ̀ nílé gẹ́gẹ́ bó ṣe wúlò fún dókítà, owó òkè òkun ló sì sanwó rẹ̀.

Àwọn àjọ onínúure náà ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Láti 2000 sí 2010, Carnegie, Ford, MacArthur àti Rockefeller, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn tó dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, ná nǹkan bí mílíọ̀nù 440 dọ́là lórí yunifásítì ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ rí tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ Carnegie, Ìbàdàn sì rí tirẹ̀ lọ́wọ́ MacArthur. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé apá kan owó náà jẹ́ fún yunifásítì fúnra rẹ̀, fún ilé ìkàwé, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe fún iṣẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Báńkì Àgbáyé ló tún mú ọ̀nà tó yàtọ̀ wá ní 2014 pẹ̀lú ètò àwọn ibùdó ìmọ̀ gíga ní Áfíríkà. Yunifásítì du ibùdó kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì yege ń gba owó díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rí àṣeyọrí hàn: iye akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, iye owó tí wọ́n rí láti ibòmíràn. Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ rí ibùdó ìwádìí lórí àbùdá àrùn tó ń ràn, ACEGID, Ilé-Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta rí tiwọn. Ní Benin, ibùdó ìmọ̀ ìṣirò wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, ní Togo, Yunifásítì Lomé rí ti ìwádìí lórí adìyẹ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ètò náà fìdí múlẹ̀, nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ACEGID wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ kà ní Áfíríkà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin ètò yìí kì í sábà mẹ́nu bà. Nàìjíríà yá owó náà ni: mílíọ̀nù 70 dọ́là ní ìpele kìn-ín-ní, tí ìjọba àpapọ̀ yóò san padà, kódà èyí tó lọ sí yunifásítì aládàáni tí òfin kò jẹ́ kó rí owó TETFund gbà. Kì í ṣe ẹ̀sùn ni èyí, nítorí àǹfààní tí orílẹ̀-èdè jẹ nígbà Ebola tó gbèsè náà san lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìyàtọ̀ tí wọ́n ń fi sí àárín owó ilé àti owó òde kò dá ṣáká.

Àìlera tó tóbi jù ni pé olùgbọ̀wọ́ òkèèrè lè kúrò lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín owó ìrànwọ́ rẹ̀ kù láti ìdá 0.7 sí 0.5 nínú 100 ọrọ̀ ajé rẹ̀ ní 2021, iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ sì dúró lójú ọ̀nà. Ó ti kéde pé yóò dé 0.3 ní 2027. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ ìlera NIH ti Amẹ́ríkà kéde pé òun kì yóò fọwọ́ sí i mọ́ kí yunifásítì Amẹ́ríkà máa pín owó fún alábàáṣiṣẹ́ ní òkèèrè títí òun yóò fi gbé ìlànà tuntun kalẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ti ń lò bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n dá dúró bẹ́ẹ̀.

Àríwísí àwọn tó ń béèrè ẹni tó ni ìbéèrè

Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Benin tó kú ní 2024, ló gbé àríwísí yìí kalẹ̀ ní ọ̀nà tó yéni jù lọ. Ó ní bí òwò amúnisìn ṣe ń kó kòkó àti epo lọ sí Yúróòpù kí wọ́n lè sọ ọ́ di ọjà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ṣe ń kó dátà kúrò ní Áfíríkà kí wọ́n lè sọ ọ́ di èrò àti ìmọ̀ ní òkèèrè, olùwádìí Áfíríkà sì wá ń kọ ìwé fún òǹkàwé tó wà níta, lórí ìbéèrè tí àwọn ará ìta ń béèrè. Mahmood Mamdani ní Yunifásítì Makerere fi kún un ní 2011 pé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn fún àwọn àjọ ń sọ ọ̀jọ̀gbọ́n di ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn láìrí àyè béèrè tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n wà. Iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti mọ ìyàtọ̀ inú àbùdá ènìyàn, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 270, 90 nínú wọn sì jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, láti ìdílé 30. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, àwọn olùwádìí káàkiri ayé sì ń lò ó títí di ìsinsìnyí lábẹ́ àkọlé YRI. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ ìwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ ohun méjèèjì: láìsí ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ náà kì bá tí ní ọmọ Áfíríkà kankan nínú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ láti inú rẹ̀ kò ní orúkọ ọmọ Nàìjíríà kankan lórí.

Àríwísí náà ti so èso. Ètò H3Africa, tí NIH àti Wellcome, àjọ onínúure ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ní 2010, tó sì parí ní 2022, fi owó sí ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ Áfíríkà tààrà, ó sì mú kí wọ́n kọ́ ibi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí Nàìjíríà, Uganda àti South Africa. SIREN jẹ́ ọ̀kan lára ọmọ rẹ̀. Ní 2023, àwọn yunifásítì Áfíríkà gbé Ìwé Àdéhùn Áfíríkà kan jáde lórí ìbáṣepọ̀ ìwádìí, tó ní kí ìbéèrè, owó àti ògo máa pín dọ́gba. Ṣùgbọ́n àríwísí yìí ní ibi tó ti rọ̀: ó mọ ohun tó burú ju bó ṣe mọ ibi tí owó mìíràn yóò ti wá lọ. Gbígbé owó sí ọwọ́ àjọ Áfíríkà kò sì pa wàhálà rẹ́. Nígbà tí African Academy of Sciences ní Nairobi ní aáwọ̀ lórí ìṣàkóso rẹ̀ ní 2021, àwọn olùgbọ̀wọ́ ńlá kó owó wọn lọ sí àjọ tuntun kan, Science for Africa Foundation. Àjọ náà wà ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni owó ló pinnu ibi tí ó lọ.

Èrò pé ilé iṣẹ́ ni kó sanwó

Lórí èyí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin Bayh-Dole ti Amẹ́ríkà ní 1980 gba yunifásítì láyè láti ni ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n bá fi owó ìjọba ṣàwárí, kí wọ́n sì tà á fún ilé iṣẹ́. NOTAP, ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti gbìyànjú irú rẹ̀ nípa dídá ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àwárí sílẹ̀ nínú àwọn yunifásítì wa. Èrò náà dára, torí ó so ìwádìí mọ́ ohun tí ènìyàn lè lò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Nàìjíríà ń ṣe ìwádìí wọn ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, wọn kò sì ní ìdí láti sanwó rẹ̀ ní Akọka ní Èkó tàbí ní Ilé-Ifẹ̀.

Ibi tí owó ilé iṣẹ́ bá wà náà, ìbéèrè òmìnira kò jìnnà. Claude Ake, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣèlú tó tóbi jù ní Áfíríkà, wà nínú ìgbìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ epo Shell gbówó kalẹ̀ fún láti wádìí àyíká Niger Delta, ó sì kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀ ní 1995, lẹ́yìn tí ìjọba ológun pa Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń tako bí Shell ṣe ń ba àyíká ibẹ̀ jẹ́. Ìwádìí náà lè má burú. Ohun tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀mọ̀wé lè dé ibi tí kò ti lè ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń san án.

Ìnáwó ẹ̀yìn iṣẹ́: ibi tí gbogbo èrò ti pàdé

Kò sí èyí nínú àwọn èrò wọ̀nyí tó lè ṣàṣeyọrí láìdáhùn ìbéèrè kan tó jọ ti akọ̀wé owó lásán, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu ibi tí owó ń já sí. Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí ní ìnáwó méjì. Èkíní ni èyí tó hàn: owó oṣù àwọn olùṣèwádìí, kẹ́míkà, ọkọ̀, ẹ̀rọ. Èkejì ni ìnáwó ẹ̀yìn iṣẹ́: iná mànàmáná, epo dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀, ilé, ilé ìkàwé, akọ̀wé owó, agbẹjọ́rò tó ń ka àdéhùn, ìgbìmọ̀ tó ń rí i pé wọn kò fi ìyà jẹ ẹni tí wọ́n ń wádìí lára rẹ̀. Èkejì yìí ni yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń bá ìjọba wọn dúnàádúrà lé lórí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńláńlá sì ń gbà ju ìdá 50 lọ lé orí owó iṣẹ́ gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí NIH ń san fún ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè fún ìnáwó yìí kò ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bẹ́ẹ̀ iná kò wọ́n ní Boston bó ṣe wọ́n ní Ìbàdàn, nítorí pé ní Ìbàdàn, yunifásítì ló ń dá iná tirẹ̀ tan ní ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àwọn tó ń gbèjà ìdá kékeré sọ pé owó ìwádìí wà fún ìwádìí, kì í ṣe fún ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àti pé owó tó bá wọ àpò yunifásítì lápapọ̀ ṣòro láti tọpasẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, torí ọ̀pọ̀ olùwádìí ní Nàìjíríà fúnra wọn ń ráhùn pé ilé ẹ̀kọ́ ń yọ tirẹ̀ láìfi nǹkan kan san án padà. Àwọn tó wà ní òdì kejì dáhùn pé owó tí kò bo ìnáwó rẹ̀ ń jẹ ilé tó gbà á ni; bí yunifásítì bá ṣe ń rí i gbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tálákà sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú àárín gbùngbùn: láti 2005, àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba rẹ̀ ń san ìdá 80 nínú 100 gbogbo ìnáwó tí iṣẹ́ kan ní gan-an, yunifásítì a sì wá ìdá 20 tó kù. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní ìdá 20.

Àìsí ọ́fíìsì ìwádìí tó lágbára ni apá kejì. Olùwádìí tó dára lè kọ àbá tó dára, kó sì pàdánù rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka àdéhùn, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìnáwó, tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn owó lásìkò. Nígbà tí ìjọba sì kó gbogbo owó ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀ ní 2015, ASUU kígbe pé owó tí olùgbọ̀wọ́ òkèèrè fún olùwádìí kì í ṣe owó ìjọba, àti pé ìdádúró rẹ̀ ń ba orúkọ àwọn olùkọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn. Ìlànà náà ní ète tó dára, ìyẹn láti dí ọ̀nà olè. Ṣùgbọ́n wọn kò ronú kan owó tó ní ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ó dájú pé owó díẹ̀ nínú ohun tí TETFund ń pín, bó bá lọ sórí irú ọ́fíìsì yìí, yóò mú èrè wá ju iye kan náà tó lọ sórí ilé mìíràn tí wọ́n kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló ń hàn sí ojú àlejò.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ẹni tí owó rẹ̀ máa rọ́pò ti Amẹ́ríkà ni kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Lẹ́yìn ọdún 2025, àwọn kan ń wo Yúróòpù, àwọn kan ń wo Ṣáínà, àwọn mìíràn sì ń sọ pé àkókò tó láti mú ìlérí ìdá 1 nínú 100 ṣẹ. Kò sí èyí nínú wọn tó ti fi iye owó kalẹ̀ tó bo àlàfo náà.

Bákan náà ni ìbéèrè bóyá kí Nàìjíríà kó owó ìwádìí jọ sí yunifásítì díẹ̀ tó lè bá ayé díje, tàbí kó pín in fún gbogbo wọn kí olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ kékeré náà lè dìde. Ètò àwọn ibùdó ìmọ̀ gíga gba ọ̀nà èkíní, owó kékeré TETFund gba ọ̀nà kejì, kò sì tíì sí ìwádìí tó fi àwọn méjèèjì wé ara wọn lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bóyá ó tọ́ kí òfin máa ya yunifásítì aládàáni sọ́tọ̀ kúrò nínú owó ìdíje ti ìjọba, nígbà tí gbèsè ìjọba ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn, jẹ́ ìbéèrè tí ASUU àti àwọn onílé ẹ̀kọ́ aládàáni kì yóò fi ohùn kan dáhùn.

Èyí tó kù ni ti ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Àdéhùn máa ń ní ọjọ́ tí yóò parí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àti dátà tí wọ́n kó jọ kì í parí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì tí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ sí nílò iná lójoojúmọ́, dátà nílò kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àwọn ìdílé tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kò tíì sí ìlànà kan tí gbogbo olùgbọ̀wọ́ àti yunifásítì jọ fọwọ́ sí tó sọ ẹni tí yóò máa san owó yẹn ní ọdún kẹfà iṣẹ́ tí wọ́n sanwó ọdún márùn-ún fún.